Orúkọ tí ó yẹ kí a fún pochod, orin àwọn onífèrè ilẹ̀ Ṣẹ́ẹ̀kì

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin olùfẹ́ èdè wa, mo kí yín. Ẹ̀gbọ́n wa kan dábàá pé kí a máa pe pochod, ìyẹn orin tí àwọn ẹgbẹ́ onífèrè ilẹ̀ Ṣẹ́ẹ̀kì fi ń yan ní ìgboro, ní “orin ìwọ́de ológun”. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n n kò lè fara mọ́ àbá náà.

Ìwọ́de, ní etí àwọn tí ń sọ Yorùbá lónìí, ti di ti àwọn tí inú ń bí sí ìjọba, bẹ́ẹ̀ ni orin àjọ̀dún ni èyí. “Ológun” gan-an ni ó dùn mí jù. František Kmoch, gbajúmọ̀ nínú àwọn tí ń kọ pochod, tí a bí ní Zásmuky ní ọdún 1848, tí bàbá rẹ̀ ń ránṣọ tí ó sì tún ń fọn kilarinẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe ọ̀gágun. Olùkọ́ ilé-ìwé ni títí wọ́n fi gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1873, ẹgbẹ́ onífèrè tí ó sì darí ní ìlú Kolín jẹ́ ti Sokol, ẹgbẹ́ eré ìdárayá tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Prague ní 1862. Ohun tí ó ya iṣẹ́ rẹ̀ sọ́tọ̀ ni pé ó máa ń mú orin ìbílẹ̀ tí àwọn ará abúlé mọ̀, irú bí “Andulko šafářova”, á sì fi í sí inú pochod, tí ó fi jẹ́ pé àwọn tí ń wòran lè gbè é ní èdè Ṣẹ́ẹ̀kì, ní àkókò tí ìjọba Austria-Hungary ṣì ń ṣàkóso ilẹ̀ wọn. Bí a bá lẹ “ológun” mọ́ irú orin bẹ́ẹ̀, ohun ìní àwọn ará ìlú ni a gbé lọ sí bárékè.

N kò sọ pé ọmọ ogun kò ní ìpín níbẹ̀. Julius Fučík, òǹkọ pochod mìíràn, tí Dvořák, ìlú-mọ̀-ọ́n-ká òǹkọ orin Ṣẹ́ẹ̀kì, kọ́ ní orin ní Prague, jẹ́ olùdarí ẹgbẹ́ onífèrè ológun. Sarajevo ni ó ti kọ pochod “Vjezd gladiátorů” ní 1897, ó sì kọ “Florentinský pochod” ní Budapest ní 1907. Fún irú ti Fučík, a lè fi “ológun” kún orúkọ náà, kí ó má ṣáà jẹ́ ara orúkọ fúnra rẹ̀.

Ẹlòmíràn ní kí a máa pè é ní máàṣì, kí ọ̀rọ̀ tán. Máàṣì dára ní ẹnu, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ nìkan ni ó mẹ́nu bà, nígbà tí àwọn ará Ṣẹ́ẹ̀kì fúnra wọn ń pe gbogbo ẹ̀yà orin náà ní dechovka, láti ara dech, èémí. Nítorí náà ni mo ṣe dábàá àyanfọn: à ń yan, a sì ń fọn. Yan ni a ń lò fún àwọn ọmọ ogun àti àwọn ọmọ Bọ́ìsì Birigéèdì, fọn sì ni a ń lò fún fèrè. Èyí tí a bá fi ohùn gbè, bíi ti Kmoch, a lè pè é ní àyankọ: à ń yan, a sì ń kọrin. N kò mú “orin yíyan”, nítorí pé ẹja ni yóò kọ́kọ́ wá sí ọkàn òǹkàwé.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí a kọ “fèrè idẹ” sí ìtumọ̀ àyanfọn, torí igi ni wọ́n fi ń ṣe kilarinẹ́ẹ̀tì. Àwọn tí yóò béèrè ìlù, ó wà níbẹ̀: ìlù ńlá àti ìlù kékeré ni ó ń di ìṣísẹ̀ mú, ṣùgbọ́n křídlovka, fèrè olóhùn rírọ̀ tí wọ́n fẹ́ràn ju kàkàkí lọ, ni ó sábà máa ń gbé ohùn orin, tí bárítóònù, fèrè tí ohùn rẹ̀ wà nísàlẹ̀ tirẹ̀, sì ń dá a lóhùn.

Ó ku tíríò, apá tí orin ti máa ń bọ́ sí ipò ohùn mìíràn, tí ó sì ń rọ̀. Níbẹ̀ ni àwọn ènìyàn ti sábà máa ń gbè é. Lóòótọ́, a tún máa ń pe orin ẹni mẹ́ta ní tíríò, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe pe èyí ní “ẹlẹ́ni-mẹ́ta”, nítorí pé gbogbo ẹgbẹ́ ni ó ń fọn ọ́n. Ẹ jẹ́ kí tíríò dúró bẹ́ẹ̀.