Abẹ́ àkọlé wo ni kí n kọ owó oògùn apakòkòrò sí?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ètò ìjọba kan tó ń dènà àrùn ẹran ọ̀sìn ni mò ń bá ṣírò owó, ní Agége níbí. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn tó ń sin adìyẹ la ya owó sọ́tọ̀ fún nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì. Àfìgbà tí bird flu dé. Láti 2006 tó ti kọ́kọ́ wọ Nàìjíríà, kì í dúró de bọ́jẹ́ẹ̀tì ẹnikẹ́ni. A fi owó náà ra oògùn apakòkòrò, bàtà òjò àti ìbọ̀wọ́. Mi ò kábàámọ̀ rẹ̀, torí adìyẹ àwọn èèyàn ló ń kú.

Ìjábọ̀ ló wá há mi lọ́fun. Rìsíìtì méjìdínlógún wà níwájú mi, oògùn ti ta sí méjì, iye owó orí wọn ti ń parẹ́. Mo kọ ọ́ sábẹ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ pẹ̀lú àlàyé, ọ́dítọ̀ dá a padà. Mo kọ ọ́ sábẹ́ ìnáwó mìíràn, ó tún dá a padà. Ọ̀gá mi ní kí n sáà jẹ́ kó bára mu, ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́ sínú ìwé ìjọba.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí, ṣé a ṣì lè gba àṣẹ virement (ìyẹn àṣẹ láti gbé owó láti abẹ́ àkọlé kan nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì lọ sí òmíràn) fún owó tá a ti ná tán, kí 31 Oṣù Kejìlá tó dé? Bí kò bá ṣeé ṣe, abẹ́ àkọlé wo ni kí n kọ ọ́ sí, ìwé wo ni kí n sì so mọ́ ọn?