Rọ́bà ilẹ̀kùn fíríìjì ti ya, ṣé mo lè pààrọ̀ ẹ̀ fúnra mi?

Ìyá Ìbejì: Ẹ jọ̀ọ́, rọ́bà fíríìjì mi ti ya nígun ìsàlẹ̀, yìnyín kàn ń dì gbagidi, ẹ̀ńjìnnì ẹ̀ ò sinmi mọ́, iná tí mo rà sí mítà ń tán fìrí. Ṣé kí n pe oníṣẹ́ ni?

Bọ̀dá Rẹ́múọ́n: Ẹ lè ṣe é mà. Ẹ kọ́kọ́ yọ ọ́ kúrò lára iná, kẹ́ ẹ wá ká etí rọ́bà yẹn sókè, ẹ wò ó bóyá wọ́n kàn tì í bọ ojú ihò tóóró tó yí ilẹ̀kùn ká ni àbí síkúrúù ló dì í mú. Ẹ gé díẹ̀ lára ẹ̀ dání lọ ọjà torí ẹ̀yìn wọn ò rí bákan náà, kẹ́ ẹ sì wọn ilẹ̀kùn yẹn dáadáa.

Àdùkẹ́: Ẹ ki tuntun bọ omi gbígbóná kó lè nà o, wíwọ́ ló máa ń wọ́ nínú ọ̀rá. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ máa kọ́kọ́ tẹ̀ wọlé. Tẹ́ ẹ bá ṣe tán, ẹ fi owó bébà há ilẹ̀kùn, tó bá yọ wẹ́rẹ́, afẹ́fẹ́ ṣì ń gbabẹ̀ wọlé nìyẹn.

Bọ̀dá Rẹ́múọ́n: Òótọ́ ni. Ẹ má sì fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ o, ọjọ́ tó bá tún ya, wàhálà ni yíyọ ẹ̀.