Ẹsẹ̀ òsì màmá mi wú, mímí sì ń nira fún wọn. Ṣé ẹ̀dọ̀fóró náà ni?

Ọmọ Alágaàrí:
Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Màmá mi ti dín gaàrí ju 30 ọdún lọ nítòsí Ìjẹ̀bú-Igbó. Sìgá ò kan ẹnu wọn rí o, èéfín igi ni wọ́n ń fà símú láràárọ̀. Ní 2021 ni dókítà ní ẹ̀dọ̀fóró wọn ti bàjẹ́, COPD ni wọ́n pè é. Inhaler ni wọ́n ń fà láti ìgbà náà.

Lọ́jọ́ Àìkú, mo fẹ́ bá wọn wọ bàtà, t'ọ̀tún wọlé, t'òsì kọ̀ jálẹ̀. Mo wo ẹ̀yìn ojúgun òsì: ó wú, ó ń dán, ó gbóná lọ́wọ́. T'ọ̀tún wà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Àǹtí mi ti gbé òrí, wọ́n ní àwọn á fi wọ́ ọ. Láti àná ni wọ́n wá ń mí gúlegúle, àyà ń gún wọn tí wọ́n bá mí kanlẹ̀. Mo fún wọn ní inhaler títí, kò dáhùn. Wọ́n ní ọyẹ́ ni. Ọjọ́bọ̀ ni dókítà ní ká wá. Ṣé kí n dúró?

Nọ́ọ̀sì Àgbà:
Ọmọ mi, má dúró. Alẹ́ yìí ni kí ẹ gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ wọ́ ẹsẹ̀ yẹn o! Ó ṣeé ṣe kí ẹ̀jẹ̀ ti dì nínú iṣan ẹsẹ̀. Tí ìṣù ẹ̀jẹ̀ bá já níbẹ̀, ọ̀nà ọkàn ló máa gbà, ẹ̀dọ̀fóró ló sì máa lọ dí.

Ẹ̀dọ̀fóró tó ti bàjẹ́ kì í gba afẹ́fẹ́ tó, ara lè wá máa ṣe ẹ̀jẹ̀ pupa kún ẹ̀jẹ̀ títí á fi ki. Ẹni tí kò lè mí dáadáa kì í sì í rìn púpọ̀, ẹ̀jẹ̀ á kàn máa rọra wọ́ lọ lẹ́sẹ̀.

Bàbá Ìbejì:
Ẹ tètè sọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ yẹn kí wọ́n tó bi yín. Nígbà tí ó ṣe bàbá mi, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi ń fún wọn ní oògùn àyà, torí COPD ló wà lójú káàdì. Kò sẹ́ni tó ṣí aṣọ ìbora. Dókítà ọ̀dọ́ kan ló fi téèpù wọn ẹsẹ̀ méjèèjì lọ́jọ́ kẹrin.

Àjọkẹ́ Elégbòogi:
Àgbo wà tó ń tú ẹ̀jẹ̀ ká o. Ẹ kàn sí mi.

Nọ́ọ̀sì Àgbà:
Àjọkẹ́, jọ̀ọ́. Tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, àgbo lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà lára wọn. Ibuprofen tí wọ́n ń lò fún ìrora náà ńkọ́? Wọn ò gbọdọ̀ fẹnu kàn án láìjẹ́ pé dókítà ní kí wọ́n lò ó. Tó bá jẹ́ warfarin ni wọ́n fún wọn, àyẹ̀wò INR, èyí tí wọ́n fi ń mọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń pẹ́ tó kó tó dì, ò gbọdọ̀ yẹ̀. Láàárín 2 sí 3 ni wọ́n sábà máa ń fẹ́ ẹ. Kí wọ́n máa jẹ ẹ̀fọ́ wọn, ṣùgbọ́n kó má jẹ́ àjẹyó lónìí, àwátì lọ́la, torí ẹ̀fọ́ lè yí bí warfarin ṣe ń ṣiṣẹ́ padà.

Ọmọ Alágaàrí:
Ẹ ṣé o. A ti débẹ̀ láti aago mọ́kànlá alẹ́. Lóòótọ́, dókítà ti ń kọ oògùn àyà kí n tó ká ìró màmá sókè. Ó ní, "Ha! Láti ìgbà wo?" Wọ́n wọ̀n ọ́n, t'òsì fi sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin ju t'ọ̀tún lọ. Wọ́n ṣe scan ẹsẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ti dì níbẹ̀ lóòótọ́. Wọ́n ti gún wọn lábẹ́rẹ́ níkùn, afẹ́fẹ́ wà nímú wọn, scan àyà ló kù láàárọ̀.

Òrí ṣì wà lọ́wọ́ àǹtí mi. Màmá ní kí n pe ilé, pé ta ló máa tú pákí tó wà lábẹ́ jáàkì.