Báwo ni mo ṣe lè mú kí òṣìṣẹ́ fọkàn sí iṣẹ́?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Mo ní ilé búrẹ́dì n'Íbàdàn. Ẹni tí mo bá kọ́ títí tó fi mọ ìgbà tí ààrò gbóná tó, ká tó wí ká tó fọ̀, ó ti lọ. Àwọn tó kù ń tẹ fóònù, búrẹ́dì ń jóná. Mo fowó kún owó oṣù, n kì í jẹ wọ́n lówó rárá. Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà ní kí ẹni tó ti lo ọdún 1 fún ọ̀gá ní ìwé ìfilọ̀ ọ̀sẹ̀ 1 kó tó lọ, ṣùgbọ́n ìwé kọ́ ló ń fa ọkàn ènìyàn síṣẹ́. Mo fẹ́ máa pín èrè fún wọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí, ṣé iye àpò fùláwà tí wọ́n bá lò lẹ fi ń ṣírò rẹ̀, àbí èrè ìparí oṣù?