Wọ́n sún ìgbéyàwó síwájú, aṣọ ṣì wà lórí òfì: kí ni kí n ṣe?

Àṣàkẹ́ Aláṣọ Òkè (Ìsẹ́yìn):
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi. Ìyá kan n'Íbàdàn gbéṣẹ́ fún mi fún ìgbéyàwó ọmọ wọn obìnrin: gèlè 40 àti fìlà 40, búlúù tó ṣú bí aró, tí a fi fàdákà là. Wọ́n san ìdajì owó sílẹ̀. Owó yẹn ò ra gbogbo òwú tán, mo gba ìyókù láwìn. Gèlè ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ti fìlà, a ṣẹ̀ṣẹ̀ na òwú rẹ̀ sílẹ̀ ni, a ò tíì hun nǹkan kan.

Àfi bí wọ́n ṣe pè mí pé ìyá ọkọ ìyàwó jáde láyé. Kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tí wọn yóò dá ọjọ́ mìíràn. Mo kí wọn kú àráfẹ́rakù, ẹnu mi ò sì gbà á láti béèrè owó. Ìyá olówùú ń pè mí láràárọ̀, àwọn ọmọ iṣẹ́ ń wojú mi. Owó yìí gan-an ni mo fọkàn sí pé n ó fi gba ṣọ́ọ̀bù etí títì. Ó ti sú mi. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Bọ̀dá Kúnlé:
Àbúrò mi, fi gbogbo rẹ̀ lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Máa rẹ́rìn-ín, máa dúpẹ́, ọ̀nà á là.

Ìyá Ìbejì Ọjẹ́:
Àmín, Bọ̀dá. Ṣùgbọ́n ìyá olówùú ò ní gba ẹ̀rín dípò owó.

Àṣàkẹ́ ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Ìdajì tí wọ́n san, gèlè ló jẹ́. Parí gèlè, dì í dáadáa, gbé e pa mọ́ síbi tí oòrùn ò dé. Ti ìyá yẹn ni, má tà á, ìgbàkígbà tí wọ́n bá béèrè ni kí wọ́n bá a. Fìlà ló ṣẹ́ kù, òwú lásán ló sì ṣì jẹ́. Èyí tó ti wà lórí òfì, má tú u. Òwú inú ọ̀kọ̀, èyí tá a fi ń hun gba àárín òwú tá a nà, ni kí o pààrọ̀: bí funfun bá gba inú búlúù yẹn kọjá, àwọ̀ mìíràn ni yóò jáde, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀ pé fìlà ìgbéyàwó ẹnì kan ni tẹ́lẹ̀. Kó o wá sí Ọjẹ́ n'Íbàdàn níbí lọ́jọ́ ọjà, o mọ̀ pé ìtàdógún la ń ná an. Àwọn tó ń ra fìlà kọ̀ọ̀kan pọ̀ níbẹ̀.

Ní ti olówùú, má dúró kó tún pè. Fẹsẹ̀ ara rẹ lọ, mú owó díẹ̀ dání, kí o sì kó òwú tí o ò tíì tú nínú ọ̀rá lọ dá padà fún un.

Wúrà Ọ̀ṣogbo:
Èmi ò mọ ìdí tí ẹ fi ń yí i ká. Ilé tí àgbà ti kú ò ní pẹ́ wá aṣọ ìsìnkú. Búlúù tó ṣú yẹn bá a mu. Kó fi lọ̀ wọ́n ná.

Ìyá Ìbejì Ọjẹ́:
Háà, Wúrà! Ẹkún ò tíì dá lẹ́nu wọn. Àna wọn ló tún ni òkú, kì í ṣe àwọn.

Àṣàkẹ́ Aláṣọ Òkè:
Ẹ̀gbọ́n Wúrà, òkú ọ̀fọ̀ ni o. Ìyá tó bí olóògbé ṣì wà láyé.

Wúrà Ọ̀ṣogbo:
Yéè! Mo ti kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Lọ kí ìyá oníbàárà rẹ, kí o má mẹ́nu kan aṣọ rárá. Bí ọ̀rọ̀ aṣọ bá máa jáde, kó ti ẹnu wọn jáde.

Dèjì Peckham:
Láti Lọ́ńdọ̀nù níbí, àwa ò lè ra 40, ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ ẹyọ kan tàbí méjì ò wọ́n, pàápàá ní July àti August tí òde pọ̀. Ya fọ́tò rẹ̀ níta lójúmọmọ, nítorí fàdákà máa ń kọ mànà lábẹ́ iná, àwọ̀ aṣọ ò ní hàn. Gé tó bá ṣẹ́ kù fi rán pọ́ọ̀sì. Lọ́jọ́ mìíràn, kí àsansílẹ̀ ra gbogbo òwú tán kí ọ̀kọ̀ tó rìn.

Àṣàkẹ́ Aláṣọ Òkè:
Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti lọ bá olówùú. Ó kọ́kọ́ pariwo, ó tún wá gba èyí tó wà nínú ọ̀rá, ó ní kí n san ìyókù lẹ́yìn ọjà tó ń bọ̀. A ti fi funfun gba inú òwú kan, ó wù mí ju ti àkọ́kọ́ lọ, kí n má purọ́. Ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù á ṣì dúró ná. Bọ̀dá Dèjì, ẹni tí mi ò rí sójú, báwo ni mo ṣe máa mọ ìwọ̀n orí rẹ̀?

Dèjì Peckham:
Ní kó fi téèpù yí orí ká, lókè etí díẹ̀, kó má fún un pọ̀. Orí ọ̀pọ̀ ọkùnrin ò ju ínṣì 22 sí 24 lọ. Rán díẹ̀ ní 22, kí 23 pọ̀ jù. Fi méjì tèmi sílẹ̀, 23.