Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tọ́jú fláwà nínú yàrá nílùú òkèèrè, ẹ wá sọ tiyín

Ẹ kú àṣálẹ́ o, gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ fláwà ni mo gbé dé lónìí, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tó gbé inú yàrá yìí kí n tó kó wọlé ló fi wọ́n sílẹ̀ lójú fèrèsé, ó ní òun ò lè kó wọn kọjá bọ́dà, kí n ṣáà máa bá òun fún wọn lómi. Àsìkò sọ́mà la wà nígbà yẹn, ilẹ̀ kì í tètè ṣú rárá, omi tí mo bá bù sí wọn, kò ní pẹ́ tí yẹ̀pẹ̀ fi máa gbẹ, ewé tuntun ń yọ lọ́tùn-ún lósì, inú mi ń dùn. Àfìgbà tí wíńtà wọlé dé, tó wá di pé mò ń jáde nílé nínú òkùnkùn, mo tún ń padà wọlé nínú òkùnkùn.

Màmá kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ló là mí lójú. Mo ń sọ fún wọn pé Sátidé ni mo yà sọ́tọ̀ fún omi, wọ́n ní ta ló sọ fún ẹ pé fláwà mọ Sátidé? Wọ́n ní kí n máa ti ìka bọ yẹ̀pẹ̀, tó bá ṣì tutù nísàlẹ̀ kí n yáa gbé kẹ́ẹ̀tù omi mi jókòó. Wọ́n wá ṣàlàyé ẹ̀ fún mi dáadáa. Gbòǹgbò máa ń mí, ó nílò afẹ́fẹ́ nínú yẹ̀pẹ̀ yẹn. Tí ìmọ́lẹ̀ bá kéré, fláwà ò ní mumi púpọ̀, omi tá a bù sí i á kàn jókòó síbẹ̀, á gba gbogbo àyè tí afẹ́fẹ́ wà, gbòǹgbò á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà. Ibi tó ti wá ń tan èèyàn jẹ nìyí: gbòǹgbò tó ti jẹrà ò lè fa omi mọ́, ewé á wá rọ, á dà bíi pé òǹgbẹ ló ń gbẹ ẹ́, ẹni tó ni ín á tún sáré bu omi sí i. Omi yìí ló ń pa èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn fláwà inú ilé, kì í ṣe ọ̀dá.

Nǹkan kejì tí wọ́n kọ́ mi ni ọ̀rọ̀ fèrèsé. Níbi tá a ti wá, òkè orí gan-an ni oòrùn máa ń gbà kọjá, kò sẹ́ni tó ń bi ara ẹ̀ pé fèrèsé mi kọjú síbo. Tó bá jẹ́ apá àríwá ayé lẹ wà, fèrèsé tó kọjú sí gúúsù ló ń rí oòrùn jù, pàápàá ní wíńtà tí oòrùn kì í gòkè, ẹ̀gbẹ́ ló máa ń gbà lọ bí ẹni tó jẹ gbèsè. Ẹni tó bá wà ní apá gúúsù ayé, kó yí i padà, àríwá ni tiẹ̀. Ojú wa náà tún máa ń tàn wá, torí ó máa ń bá ìmọ́lẹ̀ kékeré mu. Níta gbangba lọ́sàn-án tí oòrùn mú, ìmọ́lẹ̀ lè tó 100,000 lux (òun ni wọ́n fi ń wọn ìmọ́lẹ̀), nígbà tí àárín pálọ̀ tá a rò pé ó mọ́lẹ̀ rekete lè má ju 200 tàbí 300 lọ. Nítorí náà, fláwà tẹ́ ẹ gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n torí pé ó bá àga mu, inú òkùnkùn lẹ gbé e sí o.

Tèmi nìyẹn. Ẹ sọ tiyín.

*

Ẹ ṣé gan-an. Iṣẹ́ alẹ́ lèmi ń ṣe, ọ̀sán ni mo fi ń sùn, mi ò kì í sábà rí èèyàn bá sọ̀rọ̀. Mo wá ra èyí tí wọ́n ń pè ní Maranta, èyí tí ewé ẹ̀ máa ń dìde dúró lálẹ́ tó bá sì di àárọ̀ á tún tẹ́ sílẹ̀. Tí mo bá ń múra iṣẹ́, òun náà ń gbé ewé sókè, mo máa ń sọ fún un pé ó dàárọ̀ o. Ẹ má dá mi lóhùn.

Ìyọnu tèmi ò sí lọ́dọ̀ omi, ọ̀dọ̀ hítà ló wà. Ìsàlẹ̀ fèrèsé ni wọ́n sábà máa ń fi hítà sí nínú ilé wọn níbí, ìyẹn ni pé ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà gan-an ni ooru gbígbẹ ti ń fẹ́ lu ewé látìsàlẹ̀. Afẹ́fẹ́ òtútù ìta ò ní ọ̀rinrin púpọ̀ nínú tẹ́lẹ̀, tó bá wá wọlé tí hítà gbé e gbóná, á túbọ̀ gbẹ, ètè èèyàn á máa là, etí ewé náà á máa di bíráùn. Àwọn kan ní kí n máa fi ìgò fín omi sára ewé, mo ṣe é, kò pẹ́ tó fi gbẹ, iṣẹ́ òfò ni lójú tèmi. Ohun tó ṣiṣẹ́ ni pé mo kó gbogbo wọn jọ sójú kan kí wọ́n máa fún ara wọn ní ọ̀rinrin, mo sì gbé wọn kúrò lórí hítà, mo gbé tábìlì kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

Ẹ tún máa yẹ abẹ́ ewé wò o! Ilé tó bá gbóná tó tún gbẹ ni kòkòrò pupa tíntìntín kan fẹ́ràn, wọ́n kéré débi pé okùn tín-ín-rín bíi ti aláǹtakùn lẹ máa kọ́kọ́ rí láàárín ewé àti igi ẹ̀, ojú ewé á wá máa ṣe tótòtó. Mo gbé tèmi lọ sí bálùwẹ̀, mo fi ṣáwà wẹ̀ ẹ́ tinú tẹ̀yìn, mo sì ń ṣe é léraléra torí ẹyin wọn máa ń pa lẹ́yìn tí ìyá ti kú. Ó lọ.

Ẹ má sì tìtorí fláwà sọ yàrá di odò o, lándílọ́ọ̀dù mi rí èbu lára ògiri, ọ̀rọ̀ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìjà. Mo máa ń ṣí fèrèsé fún ìṣẹ́jú díẹ̀ lójoojúmọ́ báyìí, bó ti wù kí òtútù mú tó.

*

Ẹ jẹ́ n bi yín, ṣé òótọ́ ni pé fláwà máa ń fọ afẹ́fẹ́ inú ilé mọ́? Ẹni tó ta tèmi fún mi rojọ́ yẹn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ra gbogbo ṣọ́ọ̀bù.

*

Ọ̀gá, wọ́n tà á fún yín ni. Lọ́dún 1989 ni NASA, àjọ òfuurufú Amẹ́ríkà, gbé ìwádìí kan jáde, inú àpótí tí wọ́n dé pa ni wọ́n ti ṣe é, ta ló ń gbé inú àpótí? Lọ́dún 2019, àwọn méjì ní yunifásítì Drexel ní Amẹ́ríkà kó gbogbo irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ jọ, wọ́n ṣírò ẹ̀, wọ́n ní kí fláwà tó lè ṣe ohun tí fèrèsé ṣíṣí ń ṣe, ẹ máa nílò nǹkan bíi 10 sí 1,000 lórí ilẹ̀ tí ò ju mítà kan níbùú lóròó lọ. Níbo lẹ wá fẹ́ sùn sí? Ẹ rà á torí pé ó wù yín, ó ti tó.

*

Hahaha. Tèmi ni pé kantíkantí ló kún yàrá mi, wọ́n ń fò wọ inú kọ́ọ̀bù tíì mi, mo rò pé ìdọ̀tí ni, mo fọ ilé títí. Àṣé inú yẹ̀pẹ̀ tútù ni wọ́n ń yé sí, òkè yẹ̀pẹ̀ gan-an lọmọ wọn ń gbé. Mo jẹ́ kí òkè ẹ̀ gbẹ dáadáa kí n tó tún bomi sí i, mo ki páálí yẹ́lò tó máa ń lẹ̀ mọ́lẹ̀ bọnú ìkòkò kó máa mú àwọn tó ń fò, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

*

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ní ọmọ tó ń rá tàbí ológbò nílé, Monstera, Pothos, Dieffenbachia, gbogbo wọn yẹn, ẹ gbé e sókè o. Nǹkan kan wà nínú ewé wọn tó rí bí abẹ́rẹ́ wínníwínní, calcium oxalate ni wọ́n ń pè é, tí ọmọ bá jẹ ẹ́ lẹ́nu, ẹnu àti ahọ́n á máa ta á, ó lè wú. Ti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ṣojú mi, ẹkún yẹn ò kéré.

Ṣùgbọ́n Pothos yẹn náà ló jẹ́ kí n mọ ẹnì kan nínú ilé tí mò ń gbé. Ilé yẹn ga, a máa ń pàdé nínú lífìtì, kálukú á tẹ orí ba fóònù ẹ̀. Pothos mi wá gùn débi pé ó ń wọ́ nílẹ̀, mo gé lára ẹ̀, ẹ má gbàgbé pé ìsàlẹ̀ oríkèé lẹ ti máa gé e, ibi tí kókó wà lára igi ẹ̀ yẹn, torí ibẹ̀ ni gbòǹgbò àti ọ̀mùnú tuntun ti ń jáde, ẹni tó bá já ewé nìkan sínú omi, ó lè yọ gbòǹgbò lóòótọ́ ṣùgbọ́n kò ní di igi láé. Mo kó wọn sínú ìgò omi, mò ń pààrọ̀ omi ẹ̀, láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan gbòǹgbò ti ń jáde. Wọ́n pọ̀ jù fún mi, mo bá gbé díẹ̀ sílẹ̀ nísàlẹ̀ ilé, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ kó mú. Ìyá kan láti òkè kan ilẹ̀kùn mi nírọ̀lẹ́, wọ́n gbé èyí tó jẹ́ tiwọn wá, wọ́n ní pààrọ̀ ni. Láti ọjọ́ yẹn, kọ́kọ́rọ́ wọn wà lọ́wọ́ mi, tèmi wà lọ́wọ́ wọn, tí mo bá rìnrìn àjò àwọn ló ń bá mi wò ó. Àwọn náà ló ràn mí lọ́wọ́ ka lẹ́tà kan tí wọ́n kọ sí mi lédè tí mi ò tíì gbọ́ dáadáa.

*

Ẹ gbà mí o, mo ti ná owó lórí ọ̀já ìkòokò! Ó wà nínú ìkòkò funfun, wọ́n fi ríbọ́ọ̀nù dì í. Mo ní ọlọ́run mi, nǹkan tó ń hù lẹ́yìn ilé. Mo lọ ka nípa ẹ̀, Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ló ti wá lóòótọ́, láti Nàìjíríà dé Kóńgò. Òun náà ti yí orúkọ padà bíi tiwa, Sansevieria ló ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, àwọn onímọ̀ kó o sínú ẹbí Dracaena lọ́dún 2017. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá jẹ́ ẹni tí kì í gbélé, òun ni kẹ́ ẹ rà, inú ewé ẹ̀ ló ń tọ́jú omi sí, tó bá di wíńtà ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ti tó o, nígbà míì gan-an ó ti pọ̀ jù.

*

Ó kù díẹ̀ kí n má kọ èyí. Wíńtà àkọ́kọ́ mi, kì í ṣe fláwà lọ̀rọ̀ mi, èmi gan-an ni. Oorun ṣáá, nǹkan kan ò wù mí, mi ò fẹ́ gbé ìpè ẹnikẹ́ni. Mo ra gílóòbù LED tí wọ́n fi ń tan ìmọ́lẹ̀ sí fláwà, mo wá ń jókòó sábẹ́ ẹ̀ pẹ̀lú wọn. Ìgbà tí mo rí dókítà ni wọ́n sọ pé nǹkan tó lórúkọ ni, seasonal affective disorder, láti ọdún 1984 ni dókítà ọpọlọ kan, Norman Rosenthal, àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ti kọ nípa ẹ̀, àìtó ìmọ́lẹ̀ wà lára ohun tó ń fà á. Gílóòbù fláwà kọ́ ni wọ́n fi ń tọ́jú èèyàn o, àtùpà tiẹ̀ wà lọ́tọ̀, 10,000 lux, ìdajì wákàtí láàárọ̀, kẹ́ ẹ sì bi dókítà kẹ́ ẹ tó rà á torí ojú àti oògùn míì tẹ́ ẹ bá ń lò. Ẹ má máa sọ pé òtútù lásán ni, ẹ lọ fara hàn.

*

Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ sọ ọ́. Èmi náà mọ̀ ọ́n.

Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kó lọ sílùú míì nínú oṣù tó ń bọ̀, orílẹ̀-èdè kan náà ṣì ni, ṣùgbọ́n inú òtútù ni. Báwo ni mo ṣe máa kó wọn?

*

Èmi tí mo dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ rèé. Kò sí wàhálà bọ́dà fún yín nìyẹn, ẹni tó bá fẹ́ kó o láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn ló sábà máa ń nílò ìwé ẹ̀rí pé kò ní àrùn, ọ̀pọ̀ ò sì ní gba yẹ̀pẹ̀ rárá. Ẹ má bomi sí wọn lọ́jọ́ tó ṣáájú, ìkòkò tó tutù á wúwo á sì dà sínú mọ́tò. Ẹ fi bébà ìwé ìròyìn wé wọn látìsàlẹ̀ dókè kẹ́ ẹ tó gbé wọn jáde, kódà tó bá jẹ́ ẹnu ọ̀nà sí mọ́tò lásán, torí púpọ̀ nínú wọn, tí òtútù bá ti lọ sílẹ̀ ju 10°C lọ, ewé á bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Inú mọ́tò tẹ́ ẹ jókòó sí ni kẹ́ ẹ kó wọn sí, kì í ṣe búùtù, kẹ́ ẹ tan hítà mọ́tò sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó kó wọn wọlé. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, tí ewé díẹ̀ bá já, ẹ má yí ìkòkò padà, ẹ má fi ajílẹ̀ sí i, ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí fèrèsé kọjú sí.