Lẹ́yìn Ojúde Ọba, fíìmù wo ló tó kí gbogbo ilé jókòó wò?

Ọmọ_Ìta-Ọsù:
Ẹ kú àṣeyè o. Lẹ́yìn Ojúde Ọba, àwọn ará ilé tó wá láti Èkó àti Ìbàdàn máa ń sun oorun alẹ́ méjì sí i ní Ìjẹ̀bú-Òde, tẹlifíṣàn kan ṣoṣo la sì ní. Ìyá àgbà kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọmọ ọdún 11 sí 14 wà ńbẹ̀. Ìjà làwọn ọ̀dọ́kùnrin fẹ́ wò, ẹ̀rín làwọn ìyàwó ilé ń wá. Nínú àwọn fíìmù tó jáde láti 2022, èwo ló tó wò, èwo la lè fò? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn sọ pé ó dùn. Ẹ sọ ohun tó mú un dùn tàbí ohun tó bà á jẹ́.

Olófì_Ṣàgámù:
Ti ìyá àgbà ni kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́. *Ẹlẹ́ṣin Ọba* (2022) ni kí ẹ fi sí i fún wọn. Biyi Bandele ló darí rẹ̀, orí eré Wọlé Ṣóyínká, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìsarà, ló sì gbé e kà. Yorùbá ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, òwe ń já lu òwe, kò sì tó wákàtí méjì. Odunlade Adekola tí a mọ̀ sí aláwàdà ló ṣe Ẹlẹ́ṣin, kò sì fi ṣàwàdà rárá. Àléébù rẹ̀ ni pé eré orí ìtàgé ṣì ń hàn lára ẹ̀: wọ́n á dúró sójú kan, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ lọ. Àwọn ọmọ á ti sùn.

*Aníkúlápó* (2022) ti Kunle Afolayan ni àwòrán rẹ̀ gún régé jù. Sàró tó ń hun aṣọ òkè, tí olorì Ọ̀yọ́ kó sí lórí, yé gbogbo ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń hunṣọ níhìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹyẹ àkàlà tó jí i dìde, kọ̀ǹpútà ló yà á, ojú sì rí i pé kọ̀ǹpútà ni. Ó gùn tó 142 ìṣẹ́jú. Ibi tí ọkùnrin àti obìnrin ti sùn pọ̀ wà nínú ẹ̀, ẹ kó àwọn ọmọ kúrò ńbẹ̀ kí ẹ tó tàn án.

*House of Ga'a* (2024) ní tèmi, ó sáré jù. Ọba kan kú, òmíràn gun orí ìtẹ́, kí ẹ tó mọ orúkọ ẹni yẹn òun náà ti lọ. Ẹni tó ti mọ ìtàn Baṣọ̀run Gáà tẹ́lẹ̀ nìkan ló máa gbádùn ẹ̀.

Ọ̀dọ́_Ìkẹ́nnẹ́:
Fún ìjà, *Jagun Jagun* (2023) ni. Femi Adebayo ṣe Ògúndìjì, Lateef Adedimeji ṣe Gbọ́tìjà tí igi ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu. Ohun tó gbé e ga ni pé ẹ rí bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ ogun kí ogun tó dé, ìyẹn ni ikú ẹni kọ̀ọ̀kan fi ń dunni. Fíìmù ogun tó bá fo ìkọ́ni yẹn, ariwo idà lásán ni. Ẹ̀jẹ̀ pọ̀ o. Ọmọ ọdún 11, rárá.

*Sinners* (2025) náà le gan-an, ti àwọn amùjẹ̀ ní Mississippi lọ́dún 1932. Wunmi Mosaku, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Zaria, ló ṣe Annie tó mọ egbòogi. Gẹ̀ẹ́sì àwọn ará apá gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ni wọ́n ń sọ, kódà ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì á nílò ìtumọ̀ ìsàlẹ̀. Ti àgbàlagbà nìkan ni.

Ìyá_Ìperu:
Àbúrò, ẹ fo ibì kan. Ẹni tí Ògúndìjì máa ń rán lọ pànìyàn nínú *Jagun Jagun*, Agẹmọ ni wọ́n pè é! Agẹmọ Ìjẹ̀bú, àwọn mẹ́rìndínlógún tó ń pàdé ní Ìmọ̀sàn, tí obìnrin ò gbọdọ̀ fojú kàn. Bí ìyá àgbà bá wà ní ìjókòó, ẹ tètè ṣàlàyé pé orúkọ lásán ni wọ́n yá, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ ò ní gbọ́ fíìmù mọ́. Irú ọ̀rọ̀ yìí ló mú kí ìjọba Èkó fárí gá sí *Gangs of Lagos* ní 2023 nítorí bí wọ́n ṣe lo eégún Ẹ̀yọ̀ nínú ẹ̀.

Ní ti ẹ̀rín, *A Tribe Called Judah* (2023) ti Funke Akindele, èyí tó kọ́kọ́ pa ju bílíọ̀nù kan náírà lọ ní sinimá láàárín fíìmù ilẹ̀ wa. Ọmọkùnrin márùn-ún, bàbá márùn-ún, ìyá kan. Ìdajì ìbẹ̀rẹ̀ ló dáa jù, níbi tí wọ́n ti ń bára wọn jà nínú ilé. Gẹ̀ẹ́sì, pijin àti Yorùbá ló dà pọ̀, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan máa túmọ̀ fún ìyá.

Ẹ má fi *My Father's Shadow* (2025) kún alẹ́ tí èrò pọ̀. Fíìmù tó dáa ni, bàbá kan àtọmọ rẹ̀ méjì ní Èkó lásìkò June 12, 1993, ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ ló fi ń sọ̀rọ̀. Ariwo abọ́ jọ̀lọ́fù á pa á.

Spíkà_Òde-Rẹ́mọ:
Ohun tó ń ba fíìmù jẹ́ jù nínú ilé kì í ṣe fíìmù fúnra rẹ̀.

Bí orin bá ń pariwo tí ẹ ò gbọ́ ọ̀rọ̀, ẹ wo ibi ohùn lórí Netflix. Bó bá kọ 5.1 (ohùn tí wọ́n ṣe fún spíkà mẹ́fà) tí spíkà tẹlifíṣàn yín sì jẹ́ méjì péré, ẹ yan èyí tí kò ní 5.1. Spíkà àárín ni wọ́n máa ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu sí, ẹ̀yin ò sì ní in.

Bí àwòrán bá ń yọ̀ bíi ti ìròyìn, ẹ pa TruMotion tí ó bá jẹ́ LG, Auto Motion Plus tí ó bá jẹ́ Samsung. Fún ìran òru, ẹ fi irú àwòrán tẹlifíṣàn sí Movie, kí ẹ sì pa gílóòbù tó kọjú sí tẹlifíṣàn. Ẹ má gbé contrast sókè, ojú àwọn òṣèré á funfun báláú.

Dátà: lórí Netflix, HD (àwòrán tó mọ́ kedere) máa ń jẹ tó 3 GB ní wákàtí kan, Medium (èyí tó mọ níwọ̀n) tó 0.7 GB. *Ẹlẹ́ṣin Ọba* àti *Jagun Jagun* jọ ń sún mọ́ wákàtí mẹ́rin, ẹ fi 12 GB sílẹ̀ fún HD. Ẹ tún wò ó bóyá ètò Netflix tí wọ́n ń pè ní Mobile lẹ ń san, torí ìyẹn ò ní ṣí lórí tẹlifíṣàn, orí fóònù àti tábúlẹ́ẹ̀tì nìkan ló mọ.

Ọmọ_Ìta-Ọsù:
Mobile la ń san o. Màá yí i padà kó tó di Iléyá.